Ìlà Tí Ìyá Ọ̀túnla Pa Rẹ́

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìyá Ọ̀túnla ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ọ̀túnla. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Bí o bá wọlé tọ̀ ọ́ pé o fẹ́ kun irun rẹ ní dáì, bó ti wù kí o máa kánjú tó, yóò ní kí o jókòó. Yóò tú irun rẹ wò bí ẹni tó ń wá iná orí. Yóò bi ọ́ ní àwọn ìbéèrè tí ìyá ọkọ rẹ gan-an kò bi ọ́ rí: kí lo fi sí irun yìí gbẹ̀yìn, oògùn wo lò ń lò, ṣé ara máa ń yún ọ, ṣé o lóyún ni. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ki òwú bọ inú dáì, yóò fi kan ẹ̀yìn etí rẹ, ibi tí kò ju èékánná lọ, yóò sì sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ padà wá lọ́túnla."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí ọ̀túnla yìí bá a jà. Àwọn tó bá a jà náà ló sì máa ń padà wá.

Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í lọ sílẹ̀ mọ́, ẹni tó bá jókòó lé e ní láti fara da gíga. Béésìnì ìfọrun méjì wà lẹ́yìn, dígí ńlá kan wà níwájú tí igun rẹ̀ ti sán, tí wọ́n sì lẹ àwòrán òdòdó mọ́ ojú sísán náà kí ó má baà ge ẹnikẹ́ni. Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni bọ́ọ̀dù iye owó wà. Ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọ̀dà kọ bọ́ọ̀dù fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ló kọ ọ́ fún un lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Iye kan ṣoṣo ló wà lókè fún kíkun irun, gbogbo ohun tí owó náà gbé dání wá tò wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kìíní ni àyẹ̀wò ẹ̀yìn etí, ọjọ́ méjì ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fífọ irun, dáì fúnra rẹ̀, ṣíṣan irun títí omi yóò fi mọ́, oògùn tó ń mú irun rọ̀, gígé ṣóńṣó irun tó bá ti gbó, jíjókòó sábẹ́ díráyà, àti pé bí àwọ̀ náà kò bá mú dáadáa, kí oníbàárà padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tún un ṣe láì gba owó mìíràn. Àwọn kan a ka bọ́ọ̀dù yẹn láti òkè délẹ̀, wọn a tún wọlé wá bèèrè pé, "Eélòó ni kíkun?" Ojú wọn kò fọ́. Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń sọ ọ̀mọ̀wé di púrúǹtù.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, ó rí oníbàárà kan tí ojú rẹ̀ wú tí kò ṣeé wò, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú. "Dáì kì í bá àlejò jà," ló máa ń sọ. "Ẹni tó bá ti mọ̀ dunjú ló ń gbá lójú." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ara lè gba dáì fún ọdún mẹ́wàá kó sì kọ̀ ọ́ lọ́dún kọkànlá, pé oníbàárà àtijọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ Ìyá Ọ̀túnla léegun. Ó sì tún jogún àṣà káàdì lọ́wọ́ Ọ̀gá. Orí kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú páálí bàtà kan lábẹ́ kàǹtà, kì í sì í po dáì fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ fa káàdì ẹni náà yọ kó kà á.

Ayé ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Ojú-ẹsẹ̀ fi dé. Ojú-ẹsẹ̀ ni orúkọ tí ọmọbìnrin kan kọ sára ṣọ́ọ̀bù tó ṣí sí òdìkejì títì, òun fúnra rẹ̀ sì wá di Ojú-ẹsẹ̀ lẹ́nu aráyé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láràárọ̀ ló ń kí Ìyá Ọ̀túnla láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ẹ̀rín a sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tó kọ sórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tó ìdajì ti Ìyá Ọ̀túnla. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ṣáájú iye náà, ó kéré débi pé kòkòrò ni o máa rò pé ó bà sí i: "Láti." Láti iye yẹn ni wọ́n ti ń gbéra. Fífọ irun ní owó tirẹ̀, ṣíṣan ní tirẹ̀, oògùn ìmúrun-rọ̀ ní tirẹ̀, bí irun rẹ bá gùn kọjá èjìká, ìyẹn náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìyá Ọ̀túnla. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde bínú lọ nígbà tí dáì ti wà lórí rẹ̀?

Ní tòótọ́, àìdúró ọ̀túnla ló dùn mọ́ àwọn ènìyàn ju owó lọ. Wọlé, jókòó, dìde, máa lọ. Àwọn oníbàárà tó ti mọ Ìyá Ọ̀túnla láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà lọ́mú bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá pẹ̀lú irun tuntun, wọn a máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù kẹta lẹ́yìn tí Ojú-ẹsẹ̀ dé, ẹni méje ló wá kun irun. Lóṣù karùn-ún, ẹni méjì péré. Ó máa ń gbá ilẹ̀ tí kò sí irun kankan lórí rẹ̀. Ó máa ń fọ béésìnì gbígbẹ. Ẹ̀rù bà á gan-an, irú ẹ̀rù tó máa ń jí ènìyàn kó tó di pé àkùkọ kọ, tí yóò sì bá a jẹun àárọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, onílé wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́. Ó kí i, ó wọn ṣọ́ọ̀bù náà láti ògiri dé ògiri, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan.

"Kí lẹ ń wọ̀n, sà?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyá. Ẹni òdìkejì yẹn ló ní òun fẹ́ fẹ ṣọ́ọ̀bù òun sí i. Mo ní kí n ṣáà mọ bí ibí yìí ṣe gùn tó." Ó ká téèpù náà. "Mi ò lé ẹnikẹ́ni o. Tó bá di òpin oṣù tó ń bọ̀, a jọ máa sọ ọ́."

Ẹni tí kò lé ènìyàn kì í gbé téèpù. Ìyá Ọ̀túnla mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àga gíga tí kì í lọ sílẹ̀ mọ́ yẹn, ó sì wo ara rẹ̀ nínú dígí, obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi tún bọ́ọ̀dù yẹn kọ."

"Kí n kọ kí ni sí i?"

"Ẹ dín iye yẹn kù. Kẹ́ ẹ sì pa ìlà kìíní rẹ́."

Ọkọ rẹ̀ gbé ife omi tó ń mu sílẹ̀. "Ìlà ẹ̀yìn etí? Ìlà yẹn ló sọ ẹ́ lórúkọ."

"Ṣé orúkọ la máa san fún onílé ni? Àwọn èèyàn ò fẹ́ ọ̀túnla mọ́. Òní ni wọ́n ń fẹ́."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì dìde lọ wá ọ̀dà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀dà funfun pa ìlà náà rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ta sí i, àwọn lẹ́tà dúdú a tún máa yọ lábẹ́ funfun. Ó ní bó bá gbẹ tán kò ní hàn mọ́. Ó gbẹ tán, ó hàn. Lọ́jọ́ kan náà ni Ìyá Ọ̀túnla gbé páálí káàdì kúrò lábẹ́ kàǹtà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ́yìn díráyà tó ti bàjẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú páálí náà ló ń tì í.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Tíṣà wọlé, ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Oníbàárà rẹ̀ ni fún ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí kì í sì í pariwo nítorí pé kò nílò rẹ̀. Ó ti tó oṣù méje tí kò wá. Ó ní òun fẹ́ fi irun funfun sílẹ̀ kó máa hù. Nísinsìnyí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orí tó funfun láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì," ló wí. "Ipò ọ̀gá ilé-ìwé. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, èmi sì ni màmá gbogbo wọn. Wọ́n máa ń wo orí èèyàn kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀. Mo fẹ́ kó dúdú."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ó máa dúdú."

"Àmọ́ mo mọ̀ ẹ́. Tó o bá sọ pé ọ̀túnla, ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì gan-an. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má bínú, jẹ́ kí n sọdá sọ́dọ̀ ọmọ kékeré yẹn." Ó ti ń yí ẹsẹ̀ padà bó ti ń sọ ọ́.

Ìyá Ọ̀túnla wo títì. Ó rí ẹnu ọ̀nà Ojú-ẹsẹ̀, ó rí téèpù onílé láàárín ojú rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà náà. "Rárá o, mà," ló dáhùn. "Ẹ jókòó. Ṣé ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ṣe yí padà sí òdìkejì lẹ́nu ọmọṣẹ́ rẹ̀. Kò wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rántí àwọ̀ tí Tíṣà ń lò, ó rántí iye ìṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà lójú oorun. Ó po dáì, ó kun ún láti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Tíṣà sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun padà lọ́jọ́ Ajé, pé tuntun yìí ń mú ẹnu òun gbẹ. Wọ́n fi àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń bá a du ipò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí irun náà gbẹ tán, ó dúdú, ó ń dán, ó sì dà bíi pé Ẹlẹ́dàá ló dá a bẹ́ẹ̀. Tíṣà yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹni yìí lè di ọ̀gá," ló sọ fún dígí.

Bó ti fẹ́ máa lọ, ó ka owó lé orí kàǹtà. Ìyá Ọ̀túnla ní ó ti pọ̀ jù, pé àwọn ti dín iye kù, ó wà lórí bọ́ọ̀dù. Tíṣà ti owó náà padà sí i. "Iye tí mo mọ̀ ni mo san. Iṣẹ́ tó o mọ̀ náà lo ṣe." Ó jáde lọ, orí rẹ̀ lókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọ̀túnla ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò Tíṣà já lé e lórí. Arábìnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ wá sí ọsibítù," ló sọ. "Àǹtí mi ò ríran mọ́."

Ojú Tíṣà ti wú dé ọrùn. Ìpéǹpéjú méjèèjì ti dì mọ́ra wọn, ètè rẹ̀ ti wú di ìlọ́po méjì, omi ń sun létí irun dúdú tó ń dán yẹn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n ohùn mímí náà dà bí ẹni tó ń fa nǹkan wúwo lórí ilẹ̀. Ìyá Ọ̀túnla dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò lè sún mọ́ ọn, kò sì lè sá. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò jọ pé ó sùn, ń wo ìwé oògùn.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan," ló wí. "Òun ni mo fura sí, a ti dá a dúró. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kun irun wọn lánàá. Ṣé dáì ti yọ wọ́n lẹ́nu rí?"

"Rárá o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kun ún fún wọn. Kò ṣe nǹkan kan rí."

Kò purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà yẹn ló sọ.

"Oògùn ni," ni àbúrò Tíṣà ń sọ. "Mo ní kí wọ́n má lò ó. Oògùn ni."

Dókítà ní kó lọ mú páálí dáì náà wá, kí òun lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ìtura wọ inú Ìyá Ọ̀túnla, ó tutù, ó dùn: oògùn ni, kì í ṣe òun. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ojú ìtura yẹn tì í, nítorí Tíṣà ṣì ń fa èémí rẹ̀ bí ẹrù lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó rí páálí dáì nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ó rò pé dókítà lè fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ náà, ó sì gun àga, ó na ọwọ́ sẹ́yìn díráyà, ó gbé páálí káàdì sọ̀kalẹ̀. Káàdì Tíṣà wà láàárín, etí rẹ̀ ti rọ̀ nítorí lílò. Ó tú u. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú bírò pupa, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀, ó kà á pé etí ọ̀tún yún un fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn kíkun, má ṣe kun ún mọ́ láì yẹ etí wò. Ìlà méjì ló ti fà sábẹ́ rẹ̀.

Ó wá rántí. Oṣù méje sẹ́yìn, Tíṣà padà wá fún ìtúnṣe ọlọ́sẹ̀-kan, ó ti ń wọ bàtà láti máa lọ nígbà tó sọ pé, "Etí kan mi yún mi díẹ̀ o, ó ti lọ." Lójú ẹsẹ̀ lòun kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun má baà gbàgbé. Òun sì gbàgbé.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú ayé tó mọ̀ pé ìwé yìí wà. Béésìnì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ omi wà lórí béésìnì. Bí ó bá ki káàdì náà bọ omi kó sì fi ọwọ́ ra á, ọ̀rọ̀ ti parí, oògùn ni yóò jẹ̀bi, dókítà gan-an ló sọ ọ́. Ara Tíṣà yóò yá. Onílé kò ní gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń sọ àwọn ènìyàn di afọ́jú. Ó dìde, ó tú omi sílẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, omi ń dà, ó ń wo bí ó ti ń wọ ihò lọ.

Ara Tíṣà yóò yá, bẹ́ẹ̀ ni. Irun funfun yóò sì tún hù. Yóò sì tún jókòó sórí àga kan, bóyá níbí, bóyá lódìkejì títì, yóò ní kí wọ́n kun ún, nítorí oògùn ló mọ̀ pé ó ṣe òun. Bí dáì bá tún jà lẹ́ẹ̀kejì, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀gá ti sọ ìyẹn náà. Ìyá Ọ̀túnla ti omi náà pa. Ó ń sunkún, ó sì ń bú ara rẹ̀ lóhùn rara, àwọn èébú tí kò bú ọ̀tá rẹ̀ rí, títí ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ sí títì.

Ní ọsibítù, dókítà gba káàdì náà, ó ka ìlà pupa náà lẹ́ẹ̀kan. Ó pe nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n fọ orí náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, nítorí dáì ló ń jà, ó sì lọ tún ìwé abẹ́rẹ́ kọ. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ omi wá.

"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́," ni Ìyá Ọ̀túnla bẹ̀bẹ̀. "Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni àbúrò Tíṣà sọ. Òun náà ti ka káàdì.

Nítorí náà ó dúró, ó ń wo bí ọmọdé nọ́ọ̀sì náà ti ń fọ irun tí kò mọ̀. Omi wọ etí Tíṣà. Wọ́n ha àpá tó wà lápá òsì orí rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ìyá Ọ̀túnla di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kí wọ́n má baà lọ fúnra wọn.

Ó di ọ̀sán kí ohùn tó lè jáde lẹ́nu Tíṣà. Ojú rẹ̀ ṣì dì. "Kí ló wà nínú ìwé tẹ́ ẹ ń gbé kiri yẹn?"

Àbúrò rẹ̀ ti káàdì náà sí Ìyá Ọ̀túnla.

"Ìyá Ọ̀túnla, ṣé o wà níbẹ̀? Kà á fún mi."

"Ìsàlẹ̀ ló wà, mà."

"Kà á látòkè."

Ó kà á látòkè, bí ọmọ ilé-ìwé níwájú kíláàsì. "'Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, kì í ṣe gbígbóná. Má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àpá wà lórí lápá òsì, láti kékeré ni, rọra. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rìnrìn àjò, má bi í, òun ni yóò sọ. Ọmọ náà kò tíì kọ lẹ́tà. Ọmọ náà ti kọ lẹ́tà, inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ fi irun funfun sílẹ̀, kò dá a lójú, má gbà á nímọ̀ràn.'" Ó ka ìlà pupa náà tán, ó sì dúró.

Tíṣà yí ojú rẹ̀ tó dì sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ìgbà wo lo kà á?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Iye àtijọ́ ni mo san fún ẹ lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àyẹ̀wò etí wà nínú ẹ̀."

"Ó wà nínú ẹ̀."

Tíṣà na ọwọ́ sínú òkùnkùn ojú rẹ̀, ó ń wá káàdì náà kiri lójú afẹ́fẹ́, títí Ìyá Ọ̀túnla fi fi í sí i lọ́wọ́. "Máa lọ," ló sọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ìyẹn ló sì le jù láti gbé lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú ni ojú Tíṣà tó là. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá lọ tirẹ̀, ìgbìmọ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Apárí ọkùnrin kan ni wọ́n fún ní ipò ọ̀gá, ẹni tí kò ní irun kan ṣoṣo tí yóò kun. Kò sí ẹni tó pe Ìyá Ọ̀túnla lẹ́jọ́. Ìgbà mìíràn ó máa ń wù ú kí wọ́n pè é, kí ó lè gbọ́ iye ọdún tí wọ́n máa dá fún un, kó sì mọ ibi tí yóò parí sí. Ó dá owó Tíṣà padà nínú àpòòwé, àbúrò rẹ̀ sì tún dá a padà láìṣí i.

Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀dà dúdú tún ìlà kìíní kọ. Kò ṣòro, àwọn lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn tẹ̀ lé wọn. Iye owó ni wọn kò lè dá padà sókè. Ó kù ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù tí onílé dá parí.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, obìnrin kan wọlé, àlejò pátápátá, ẹni àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó fẹ́ kí wọ́n kun irun òun ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá Ọ̀túnla fa káàdì tuntun yọ, ó bi í léèrè gbogbo ohun tó yẹ, ó sì ki òwú bọ dáì. "Ẹ̀yìn etí nìkan ni, mà. Ẹ padà wá lọ́túnla."

"Ọ̀túnla kẹ̀?" Obìnrin náà wo òwú náà, ó wo òdìkejì títì, ó gbé báàgì rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Ìyá Ọ̀túnla kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e jáde. Ó sọdá títì pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, dáì ń kán sí bàtà rẹ̀, ọlọ́kadà kan fi fèrè bú u. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ojú-ẹsẹ̀, obìnrin náà ti jókòó, wọ́n ti so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ dákun," ló sọ, èémí rẹ̀ kò délẹ̀. "Ẹ má wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Níbí ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kan etí yín, kẹ́ ẹ wá padà wá bá a lọ́túnla."

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ díráyà ń wò ó. Ojú-ẹsẹ̀ gbé abọ́ dáì tirẹ̀ sílẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, eélòó lẹ máa ń gbà fún ìyẹn?"

Ìyá Ọ̀túnla ṣí ẹnu láti dá iye lé e. Ọdún méjìlélógún ló fi ń fi í kún owó, kò dá iye lé e lọ́tọ̀ rí. "Mi ò gba nǹkan kan," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi kàn án."

Obìnrin orí àga náà fi ọwọ́ bo etí rẹ̀, ó sì ní kí Ojú-ẹsẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ.